Fíltà Tó Wà Láàárín Ẹnu àti Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró la mú wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti oògùn, kì í sì í ṣe ti sìgá. Nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, oníke, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa ń yọ jáde nínú ọ̀rá, tí á kì bọ ẹnu ẹ̀rọ, kó tó sọ pé, "Ó yá, ẹ fẹnu bò ó, kí ẹ fẹ́ ẹ." Fíltà ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó. Tó bá ti lò ó tán, ó di pàǹtírí.

Àyẹ̀wò wo la ń sọ? Ẹni tí àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì lóru, tí dókítà fura sí ásímà. Ìyá tó ti ń fi igi dáná láti kékeré, tí gígun òkè díẹ̀ wá ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin tó ń la pákó ní sọ́míìlì, tí eruku igi ti fi imú rẹ̀ ṣe ilé: irú wọn ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ fẹ́ spirometer, ẹ̀rọ tó ń wọn èémí. Ẹ ó jókòó, wọ́n á fi nǹkan fún yín nímú kí atẹ́gùn má bàa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ ó fa èémí sínú títí àyà á fi kún dẹ́múdẹ́mú, ẹ ó fi ètè di páìpù ẹnu ẹ̀rọ náà pinpin, ẹ ó wá fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ ò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró títí kò fi ní ku nǹkan kan nínú. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á máa pariwo lé yín lórí: "Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ fẹ́ ẹ! Ó kù díẹ̀!" Kì í ṣe ìjà o. Bí kò bá pariwo, ọ̀pọ̀ wa ni kì í fẹ́ ẹ dé òpin.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde ló kàn wá. Àkọ́kọ́ ni gbogbo atẹ́gùn tó jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkejì, tí àwọn dókítà kì í fi ṣeré rárá, ni iye tó jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí ẹ bẹ̀rẹ̀. FEV1 ni wọ́n ń kọ sórí ìwé. Ìkẹta ni eré tí atẹ́gùn náà sá níbi tó ti le jù. Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ là dáadáa máa ń tú ju ìdá 70 nínú 100 èémí rẹ̀ síta láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yẹn. Bí tẹnì kan kò bá tó bẹ́ẹ̀, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé nǹkan ti fún ọ̀nà èémí rẹ̀ pọ̀.

Ibi tí ìbéèrè ti ń wá nìyí. Ẹ ti rí i pé wọ́n ki nǹkan bọ ẹnu ẹ̀rọ, aṣọ funfun wà nínú rẹ̀, lójú lásán ó jọ pé ó dí. Ẹ ó ní: ṣé nǹkan yìí ò ní gbà nínú èémí mi báyìí? Ṣé kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé mo ń ṣàìsàn tí n kò ṣe? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé lóòótọ́, ó ń gbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń wò yẹn kọ́ ni ewu wà.

Ká tó débẹ̀, kí ló tiẹ̀ gbé fíltà dé ẹnu ẹ̀rọ? Ọkùnrin oníṣẹ́ abẹ kan wà ní London, John Hutchinson lorúkọ rẹ̀. Ní 1846 ló tẹ ìwé jáde nípa ẹ̀rọ tó ṣe: agolo ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú omi, tí èémí ènìyàn á máa gbé e sókè bó ṣe ń wọlé. Ó ju 2,000 ènìyàn lọ tó ní kí wọ́n fẹ́ ẹ: atukọ̀, ọlọ́pàá, panápaná, tálákà, ọ̀tọ̀kùlú. Ohun tó ń lé ni pé kí ẹ̀rọ náà tètè tú àṣírí ikọ́ ẹ̀gbẹ kí àmì mìíràn tó yọ. Ó wọn òmìrán kan tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, Freeman, ará Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé èémí ọkùnrin náà ti ń dín kù kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó pa á. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in jọ ń fẹ́, láìsí ohunkóhun tó là wọ́n láàárín! Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé kòkòrò ló ń fa àrùn yẹn. Ọdún 36 lẹ́yìn ìwé Hutchinson, ní 1882, ni Robert Koch ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Berlin.

Àwa mọ̀ ọ́n báyìí, ikọ́ ẹ̀gbẹ ò sì tíì lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà mọ́ ibi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde tagbáratagbára, ikọ́ máa ń bá a wá, itọ́ á ta sínú páìpù. Nígbà tí Kòrónà wá dé ní 2020, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé ti yàrá àyẹ̀wò yìí pa. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i padà, fíltà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ṣe aláìní.

Páìpù páálí ló ṣáájú rẹ̀. Òmíràn ní ìlẹ̀kùn kékeré nínú tó ń ṣí síta nìkan: ẹ lè fẹ́ ẹ, ẹ ò lè fà á. Kò wọ́n, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé jáde ní 2019 fẹ́ kí ènìyàn tún fa èémí padà sínú lẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́yìn tó bá ti fẹ́ ẹ tán. Páálí onílẹ̀kùn ò gba ìyẹn láyè.

Bí ẹ bá la fíltà sí méjì, ike méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàárín. Aṣọ náà kì í ṣe aṣọ lásán. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti fi agbára iná sára fọ́nrán rẹ̀ nílé iṣẹ́, agbára yẹn ló ń fa ẹ̀kán itọ́ tíntìntín mọ́ra kó má bàa kọjá, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi nílò láti hun ún kí ó ki jù. Páálí rẹ̀ lè kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń mú ìdá 99.9 nínú 100 kòkòrò. Ẹ̀yin tó ń rà á fún ilé ìwòsàn, ẹ bi àwọn tó ń tà á léèrè: nígbà tí atẹ́gùn ń sáré mélòó? Lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sábà fi ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ọkùnrin tó lágbára, tó bá fẹ́ ẹ gan-an, eré èémí rẹ̀ lè dé lítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ 600 ní ìṣẹ́jú kan. Bí atẹ́gùn bá ń sáré sí i, àyè tí aṣọ náà ní láti gbá kòkòrò mú ń dín kù. N ò sọ pé kò wúlò o. Mo ń sọ pé kí ẹ má gba 99.9 yẹn bí ìbúra.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èémí. Ìyá tó ń sẹ́ ògì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: asẹ́ kì í mu omi ògì, ó kàn ń dá a dúró díẹ̀ ni. Omi tí ẹ dà lé e lókè náà lẹ ó bá nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní já wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí kò sí asẹ́. Gbogbo atẹ́gùn tó bá kúrò lẹ́nu yín ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Nítorí náà nọ́ńbà àkọ́kọ́, ti gbogbo èémí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Eré ni fíltà ń bá jà. Nọ́ńbà kẹta, ti eré tó le jù, ló ń fara gbá a jù. FEV1 náà ń fara gbá a, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré.

Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wọn ènìyàn kan náà pẹ̀lú fíltà, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n láìsí fíltà. Ohun tí wọ́n ń bá bọ̀ jọra: FEV1 ń fi mílílítà mélòó kan sílẹ̀, kì í sábàá tó 100. Ẹ jẹ́ ká fi 50 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí FEV1 rẹ̀ jẹ́ lítà 3, mílílítà 3,000 nìyẹn. Bí ẹ yọ 50 níbẹ̀, kò tó ìdá 2 nínú 100. Ìlànà àwọn dókítà náà sì ti fi ààlà sí bí gbogbo ohun tó wà láàárín ẹnu àti ẹ̀rọ, fíltà, páìpù, rọ́bà, ṣe lè dí èémí tó. Fíltà tó bá kọjá ààlà yẹn, wọn kò gbọdọ̀ lò ó.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rù fíltà jù, pé yóò sé òun léèémí. Òdìkejì rẹ̀ lóòótọ́. Ìdènà fíltà ń pọ̀ sí i bí eré atẹ́gùn bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí àyà rẹ̀ le koko ló ń pàdánù jù, ìyá arúgbó tí èémí rẹ̀ ń rọra jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bí màmá bá wá sọ pé òun ò lè mí, imú tí wọ́n fún pọ̀ àti ìbẹ̀rù ló sábà máa ń fà á. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ ṣàlàyé fún un lédè tó gbọ́, kó tó tún gbìyànjú.

Àwọn kan á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, kò tó nǹkan." Ẹ̀rí wọn wà. Ènìyàn kan náà, tó bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kì í rí nọ́ńbà kan náà; ìlànà gbà kí méjì tó dára jù fi 150 mílílítà yàtọ̀ síra. Kí ni 50 máa já mọ́ nínú ìyẹn? Mo gbà bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò tún ní padà wá. Ṣùgbọ́n ti ènìyàn, lónìí ó lè lọ sókè, lọ́la ó lè wá sísàlẹ̀. Ti fíltà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀.

Ẹ mú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń wọn èémí rẹ̀ lọ́dọọdún. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kì í mu sìgá, ń pàdánù nǹkan bíi 30 mílílítà lọ́dún kan lára FEV1 rẹ̀. Ọjọ́ orí ló ń gbà á, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú páìpù páálí lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n wá fi fíltà wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí, 50 á kún 30, ó di 80. Lórí ìwé, ọkùnrin náà ti fi ọdún kan darúgbó ju ọdún méjì lọ. Ó lè torí ẹ̀ pàdánù ipò rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ wá yí i padà: ká ní fíltà ni wọ́n lò lọ́dún tó kọjá, tí owó fíltà wá tán lọ́dún yìí, tí wọ́n padà sí páálí. Eruku ti lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n 50 tó jèrè lọ́fẹ̀ẹ́ á bò ó mọ́lẹ̀, ìwé á ní kò séwu. Lójú tèmi, èyí ló burú jù nínú méjèèjì, torí kò sẹ́ni tó máa ráhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ásímà. Wọ́n á wọ̀n yín, wọ́n á fún yín ní oògùn fífà, ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún wọ̀n yín. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì ni dókítà fi ń dájọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá yọ fíltà kúrò láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, oògùn ló máa gba ọpẹ́ ohun tí kò ṣe.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Sírínjì ńlá kan wà tó ń gba lítà 3 gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa lo ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi sírínjì yẹn fẹ́ ẹ, wọ́n á rọra tì í, wọ́n á tì í níwọ̀ntúnwọ̀nsì, wọ́n á tún tì í kíákíá. Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ gbọ́dọ̀ wà láàárín lítà 2.91 àti 3.09. Ìlànà 2019 kò fi bọpo bọyọ̀ rárá: bí fíltà bá máa wà níbẹ̀ nígbà tí aláìsàn ń fẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí sírínjì ń fẹ́ ẹ. Ìdí ni pé fíltà kì í dín eré kù nìkan. Ó tún ń tú ìṣàn atẹ́gùn ká kó tó dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń kà á. Ẹ̀rọ mìíràn ní abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń yí, òmíràn ń ka bí atẹ́gùn ṣe ń tì nígbà tó bá ń kọjá láàárín ihò tóóró, òmíràn ń lo ìró tí etí kò lè gbọ́. Fíltà kan tó bá ọ̀kan mu lè da ti ìkejì rú. Sírínjì máa ń tú àṣírí ìyẹn.

Ẹ má rò pé sírínjì yanjú ohun gbogbo ṣá. Sírínjì kì í ṣe ẹran ara. Ọwọ́ ló ń tì í, lítà 3 rẹ̀ á jáde dandan bó ti wù kí fíltà dí tó. Àyà ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí sírínjì ṣe lè dá 50 mílílítà yẹn padà fún yín. Ohun tó lè gbà yín ni pé kí irú fíltà kan náà wà lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ilé ìwòsàn bá sì máa pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Níbi tí owó kò ti tó ni nǹkan ti ń bàjẹ́ gan-an. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ fíltà wọ̀nyí ti ń wá, bí dọ́là bá gbéra, òun náà á gbéra, aláìsàn ló sì máa san án lápò ara rẹ̀. Ni wọ́n á bá ra èyí tí kò bá ẹnu ẹ̀rọ mu, wọ́n á fi téèpù wé e. Atẹ́gùn á máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ rántí pé mo ní gbogbo èémí ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Tó bá ń jò, ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́, gbogbo nọ́ńbà ló máa wálẹ̀, kì í sì í ṣe mílílítà 50 mọ́. Àwọn mìíràn á lo ọ̀kan fún ènìyàn púpọ̀, wọ́n á fi sípírítì nù ún láàárín. Sípírítì yẹn ló ń pa agbára iná tó wà lára fọ́nrán rẹ̀. Itọ́ á rin ín, ìdènà rẹ̀ á pọ̀, kòkòrò á ráyè kọjá: a pàdánù iṣẹ́ fíltà, ìyọnu rẹ̀ kù sí wa lọ́rùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lo páìpù páálí tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má fa èémí nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ kí n tó máa lọ. Àwa ń jiyàn lórí mílílítà 50, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn, òǹkà tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fi ìdá 10 sí 15 nínú 100 gé ìwọ̀n tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ènìyàn dúdú, pé ẹ̀dọ̀fóró tiwa kéré. Lára lítà 3, ìyẹn tó mílílítà 300, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aláìsàn dúdú lè ti máa mí agbára káká, kí ìwé sọ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró Amẹ́ríkà ní 2023 rọ àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n fi òǹkà tí kò wo àwọ̀ mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ti ṣe àyẹ̀wò yìí ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ bi dókítà yín òǹkà wo ni wọ́n fi ṣe é.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ. Nílé níbí, a ní àpẹẹrẹ iṣẹ́ tó dára. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní BOLD, tó wọn èémí àwọn ẹni ogójì ọdún sókè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ilé-Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, Sèmè-Kpodji ní Benin náà wà nínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò káàkiri, èyí tó ń fi ìró kà á, tí páìpù ike tuntun ń wọ inú rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí èémí kì í fi kan ara ẹ̀rọ. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n mú ẹnu ẹ̀rọ bára dọ́gba bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ fi èémí ará Ifẹ̀ wé ti ará ìlú mìíràn kó sì dá a lójú?

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe é: ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀rá fíltà lójú yín. Bó bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má tijú. Bí ó bá ti rin nítorí pé ẹ ti fẹ́ ẹ léraléra, ẹ lè ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún yín sí irú kan náà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé èsì pé fíltà wà, àti irú èyí tó jẹ́. Ẹ tọ́jú ìwé ọ̀hún, ẹ mú un dání nígbà tí ẹ bá ń padà lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oògùn fífà ásímà la máa gbé yẹ̀wò, pàápàá bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń fín in sí ahọ́n dípò ẹ̀dọ̀fóró.